Kí ni ìtumọ̀ "Dalit" gan-an?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ fún arábìnrin tó béèrè pé Dalit jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan ní Íńdíà, bíi ká ní Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀yà rárá. Láti ara "dal" lọ́rọ̀ yẹn ti wá, ìyẹn kí nǹkan là, kó fọ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀wà lílà tí wọ́n ń sè lọ́hùn-ún. Èmi tí màmá mi ta àkàrà, mi ò nílò tíṣà kí ìyẹn tó yé mi. Kí màmá tó rẹ ẹ̀wà, á kọ́kọ́ fi ọlọ là á, lẹ́yìn náà á bó o, á tún wá lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ̀ ń ra ìyẹ̀fun ẹ̀wà inú ọ̀rá, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nínú ẹ̀! Àwọn tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ètò ìran àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tí wọ́n kà sí aláìmọ́ tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ló fúnra wọn gba orúkọ yẹn, pé wọ́n ti là wá, wọ́n ti lọ̀ wá.

Ẹ wo Karukku, ìwé tí Bama, obìnrin Dalit kan, kọ nípa ayé ara ẹ̀ lédè Tamil ní 1992. Ó ń bọ̀ láti skúùlù, ó rí bàbá àgbà kan ládùúgbò wọn tó gbé vadai tí wọ́n dì, àkàrà tiwọn nìyẹn, okùn ẹ̀ nìkan ni bàbá dì mú, ó sì nà án jìnnà sí ara. Ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àkàrà fẹ́ dà sílẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló ṣàlàyé pé tí bàbá bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, onílẹ̀ tó rán an ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Àgbàlagbà o!

Ẹni tó wá ní ìyà ilé ọkọ lásán ló wà nínú ìwé tí àwọn obìnrin Dalit ń kọ, òun náà ò kà á. Ọkùnrin wọn, wọ́n là á níta. Obìnrin, wọ́n là á níta tán, ọkọ tún lọ̀ ọ́ nílé. Baby Kamble, ọmọ Mahar, ọ̀kan lára àwọn ìran Dalit, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ní, bébà ìròyìn àlòkù tí wọ́n fi ń di ọjà ló jókòó tó ń kà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiẹ̀, ó sì fi pa mọ́ fún ọkọ ẹ̀ fún bí 20 ọdún. 20 ọdún! Urmila Pawar, obìnrin Dalit míì, náà wà, tó fi agbọ̀n oparun tí màmá ẹ̀ ń hun sọ ìwé ẹ̀ lórúkọ, ẹ wá ìyẹn kà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé òfin ti fòpin sí kíka èèyàn sí ẹni tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Láti 1950 ni òfin Íńdíà ti fagi lé e, wọn ò tíì bí Bama nígbà yẹn, síbẹ̀ okùn ni bàbá yẹn fi ń gbé àkàrà.