Èsì: Òòyì tó ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn tó forí gbálẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Ayọ̀. Ẹ ní láti ìgbà tí ọmọ yín ti já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé yín ní Ṣúrúlérè, òòyì ń kọ́ ọ tó bá ti yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, síkáànù ò sì rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo etí rẹ̀.

Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn èérún kan wà bí iyanrìn tó ń jẹ́ kí ara mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Tí orí bá gbá nǹkan, wọ́n lè já kúrò láyè wọn, kí wọ́n kó sínú ihò tóóró olómi tó ń sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí. Ọmọ á kàn yí orí báyìí, ilé á máa yí lójú rẹ̀, kò sì sábà tó ìṣẹ́jú kan. BPPV ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe oògùn ló ń wò ó: wọ́n á dá ọmọ dùbúlẹ̀ kíá, wọ́n á wo bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, wọ́n á wá máa yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èérún á fi padà sáyè. Ẹ má dán an wò nílé o, nítorí ọrùn.

Tí òòyì ò bá dá rárá, tí etí kan ò gbọ́ràn mọ́, egungun ẹ̀gbẹ́ etí lè ti sán. Tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde létí, tó ń bì léraléra, tàbí tó sùn tí kò ṣe é jí, ẹ gbé e lọ sí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ní báyìí ná, kó má gun kẹ̀kẹ́.