Èsì: Ọjọ́ méjì ní Èkó fún mùsíọ́mù àti eré orí ìtàgé

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè agbègbè tí ó yẹ kí ẹ wọ̀ sí ní Èkó kí ẹ lè wo mùsíọ́mù àti eré orí ìtàgé. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ni ẹ̀yin àti àwọn ọmọ tí ẹ ń kó bọ̀ láti Adó-Èkìtì ní, agbègbè Oníkan ni kí ẹ wọ̀ sí. Ibẹ̀ ni Mùsíọ́mù Àpapọ̀ tí wọ́n ṣí ní 1957 wà, ibẹ̀ náà ni John Randle Centre tí ó dá lórí àṣà àti ìtàn Yorùbá wà. Ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì.

Èyí dúró bí eré tí ẹ fẹ́ wò bá wà lápá Erékùṣù, bíi ní Terra Kulture, gbọ̀ngàn àṣà àti eré ní Victoria Island. Bí ó bá jẹ́ ní Igánmú, níbi tí gbọ̀ngàn eré tí wọ́n ń pè ní National Theatre tẹ́lẹ̀ wà, Sùúrùlérè ló yá láti wọ̀ sí.

Ní mùsíọ́mù, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré kọjá lára mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí nínú ní 1976, nítorí ojú ihò ọta hàn lára rẹ̀ kedere. Ẹ sì sọ ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, fún wọn: ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré tí ó gbẹ́, tí ó gbẹ́ àwòrán Ògògà, ọba Ìkéré, sí lára níbi tí ó jókòó tí ó ń gba òyìnbó lálejò, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ó sì ń dùn mí gidigidi.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kí ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì, torí eré kì í wà lójoojúmọ́.