Èsì: Ta ni Olórò inú eré bojúbojú?

Ẹ kú ìbéèrè. Olórò tí ẹ ní ọmọ yín ń bi yín léèrè, ẹni tó ń ṣe Orò, òrìṣà táwọn ọkùnrin nìkan ń bọ, ni.

Bí Orò yóò bá jáde, wọ́n á kéde, obìnrin á wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn, torí pé ojú wọn ò gbọdọ̀ rí i. Ẹ wá wo eré náà: wọ́n bo ẹnì kan lójú, wọ́n ké pé "Olórò ń bọ̀", àwọn yòókù dáhùn "ẹ para mọ́", wọ́n sì sá pamọ́. Lójú tèmi, ìkéde ìlú gan-an làwọn ọmọ sọ deré.

Ìpè yìí nìkan ni mo ń sọ o. Ẹkùn mẹ́ran, eré ọmọdé mìíràn tí wọ́n ń dáhùn "mẹ́ẹ̀" sí, kò kan Orò rárá. Ẹkùn tó ń lé ewúrẹ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ Olórò kúrò nínú bojúbojú fọ́mọ yín.