Irúgbìn ìrèké tuntun: ta ló ń jèrè rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Àgbẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Mokwa ni mo ń gbé. Ìrèké jíjẹ ni mò ń gbìn sí àkùrọ̀ mi. Wọ́n ní kí n wá gba irúgbìn tuntun, kí n máa ta ìrèké fún ilé iṣẹ́ ṣúgà. Àwọn ará oko ní ilé iṣẹ́ nìkan ni irúgbìn ọ̀hún ń ṣe lóore. Ṣé òótọ́ ni? Bàbá Ìbejì.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ìdajì òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìrèké tí ẹ ń gbìn, irú èyí tí wọ́n ń bó tà nínú bárò káàkiri Abuja níhìn-ín, ó rọ̀, ó lómi. Tẹnu nìyẹn. Ti ilé iṣẹ́ le, ṣùgbọ́n ṣúgà pọ̀ nínú omi rẹ̀. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 ìrèké ni wọ́n ń fún kí tọ́ọ̀nù 1 ṣúgà tó jáde. Bí irúgbìn bá dùn sí i, owó ọkọ̀ kò lé, ṣúgà ló lé. Bó bá wá jẹ́ pé ìwọ̀n nìkan ni wọ́n fi ń sanwó fún yín, adùn yẹn ò kàn yín. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Èrè tiyín wà ní kùkùté. Irúgbìn gidi, bí ẹ bá gé e, á tún hù dáadáa lọ́dún kejì àti ìkẹta, láìjẹ́ pé ẹ tún ilẹ̀ kọ. Ó tún yẹ kó lè bá àrùn jà. Ẹ ti lè rí ìrèké tí orí rẹ̀ yọ nǹkan gígùn dúdú bíi pàṣán, tí ìyẹ̀fun dúdú ń gbọ̀n lára rẹ̀. Ẹ má kàn fà á yọ o! Ẹ kọ́kọ́ fi àpò bò ó, kí ẹ wá hú u tìdítìdí, kí ẹ sun ún. Ẹ dé National Cereals Research Institute ní Badeggi, lẹ́bàá Bida. Àwọn ló ń ṣe ìwádìí ìrèké. Ẹ béèrè irúgbìn tí àrùn yìí kì í tètè mú.

Ẹ má sì fi oríṣi kan ṣoṣo kún ilẹ̀. Ní Íńdíà, irúgbìn ìrèké kan tí wọ́n ń pè ní Co 0238, tó jáde ní 2009, gba ọ̀pọ̀ oko ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, àgbẹ̀ yọ̀, ilé iṣẹ́ yọ̀, àfi bí àrùn tó ń sọ inú ìrèké di pupa ṣe wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Ìrèké tí a gé, tó sùn sóko ju ọjọ́ méjì lọ, adùn rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n máa wá kó o wà nínú ìwé. Kí ẹ sì fi igun kan sílẹ̀ fún ìrèké jíjẹ, kí owó ọbẹ̀ má bàa máa dúró de ilé iṣẹ́.