Ọmọ iṣẹ́ mi kì í gba ìbáwí

Ẹ kú iṣẹ́ o, Madam. Ẹ kọ̀wé pé ọmọ iṣẹ́ yín mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní ibì kan kò dáa, á fajú ro, á ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kọ́ mi." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ sọ fún un níwájú oníbàárà pé apá búbà léèsì tó rán ò bára mu, pé gbogbo ìgbà ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín yín.

Mi ò rò pé agídí ni. Oníbàárà tó jókòó síbẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ tó máa tó gba fírídọ́ọ̀mù, tó ń wò ó pé irú àwọn èèyàn yìí ni yóò máa gbé aṣọ wá fún òun lọ́la, báwo ló ṣe fẹ́ dákẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ pé òun ò mọ iṣẹ́? Níwájú oníbàárà, "A máa tún un ṣe, mà" ti tó. Kí oníbàárà náà lọ ná.

Ẹ jọ̀ọ́, "gbogbo ìgbà" yẹn, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ọjọ́ tó rán an dáadáa ni yóò máa kà sílẹ̀ fún yín, ẹjọ́ sì dé nìyẹn. Aṣọ ni kí ẹ bá wí. Nírọ̀lẹ́, ẹ tẹ́ búbà náà sórí tábìlì, ẹ ká a sí méjì kí apá kan lé èkejì, kí ẹ ní kó fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ìdajì íǹṣì tó fi yàtọ̀ á hàn sí i kí ẹ tó lanu. Ẹ wá bi í bó ṣe gé e, kí ẹ dúró gbọ́. Ó lè jẹ́ pé léèsì náà ló yọ̀ nítorí pé kò fi abẹ́rẹ́ dè é kó tó gé e. Ohun tí ẹ máa kọ́ ọ nìyẹn. Bí ọrùn búbà náà bá mọ́, ẹ yìn ín. Bí kò bá mọ́, ẹ má yìn ín. Ọmọ iṣẹ́ mọ ìyìn tí wọ́n fi ń lànà fún èébú.

Ẹ tún ní ẹ fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Rárá o, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ pè é, kí ẹ sọ pé kò yẹ kí ẹ sọ ọ́ níwájú èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé búbà náà fún un kó tú apá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má bá a tú u.