Ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ ra abẹ olójú méjì nítorí kókó ọrùn

Àbúrò mi, o béèrè bóyá abẹ olójú méjì, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń tú orí rẹ̀ láti fi bíléèdì sí i, lè gba ọrùn rẹ lọ́wọ́ àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ lẹ́yìn tí o bá fá irùngbọ̀n, o sì ní kí a sọ èyí tí o lè rà. Ó lè gbà ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó ń fá irun kanlẹ̀ ju ṣéfìnsítíìkì lọ. Ohun tó fi dára ni pé ìwọ fúnra rẹ lo máa pinnu ibi tí yóò fá a dé. Mo ti ń lò ó láti ìgbà tí ọrùn mi kò ti lè gba kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mọ́, ìmọ̀ràn mi kò sì ju pé kí o ra èyí tí kò le jù, kí o sì jẹ́ kí irun díẹ̀ ṣẹ́kù lójú.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń fa kókó yẹn yóò kàn máa pààrọ̀ abẹ kiri ni. Irun tiwa ká, àní ihò tó ti ń hù jáde nínú awọ pàápàá tẹ̀. Bí a bá fá a kanlẹ̀ jù, orí irun tí a gé á mú ṣóńṣó, nígbà tó bá sì tún ń hù, á tẹ̀ padà á gún awọ wọlé, tàbí kí ó má tilẹ̀ jáde síta rárá, kí ó máa gún ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ láti inú wá. Ara á kà á sí àjèjì, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, ìgbà mìíràn á sì kó ọyún. Láti ọdún 1971 tí ilé iṣẹ́ Gillette ti gbé abẹ Trac II oníbíléèdì méjì jáde, ohun tí irú àwọn abẹ bẹ́ẹ̀ wà fún ni pé kí bíléèdì àkọ́kọ́ fa irun sókè díẹ̀, kí ìkejì sì gé e kó tó sá wọlé padà, tí ìdí irun náà á fi rì sábẹ́ awọ. Ẹni tí irun rẹ̀ bá nà gbọọrọ lè máa gbádùn ìyẹn, ṣùgbọ́n ní ọrùn tiwa, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ olójú méjì ní ojú méjì lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń kan ara lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í fa irun kó tó gé e.

Tí kókó bá wà ní ọrùn rẹ báyìí, má ì tíì fá nǹkan kan. Jẹ́ kí irun náà hù fún bí oṣù kan, kí àwọn tó há sínú awọ lè rí ọ̀nà jáde, kí ojú ibẹ̀ sì jinná. Bí o bá sì jẹ́ ẹni tí ojú egbò rẹ̀ máa ń wú tí kì í padà sílẹ̀ mọ́, dókítà awọ ara ni kí o lọ bá ṣáájú, torí kílípà tó máa ń fi irun díẹ̀ sílẹ̀ lè yẹ ọ́ ju abẹ èyíkéyìí lọ.

Ní ti rírà, ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé bíléèdì ilé iṣẹ́ kan á wọ abẹ ti ilé iṣẹ́ mìíràn. King Camp Gillette ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú abẹ yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1903, títí di òní, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ìyẹn ni pé bíléèdì Nacet tí a mọ̀ ní ọjà wa, Astra, Derby ti Tọ́kì àti Feather ti Japan, gbogbo wọn á wọ orí kan náà. Nítorí náà, abẹ fúnra rẹ̀ ni kí o náwó lé lórí lẹ́ẹ̀kan, torí bíléèdì kò wọ́n. Merkur 34C tí wọ́n ń ṣe ní Solingen ní Jámánì, Edwin Jagger DE89 ti Sheffield, tàbí Mühle R89 ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Wọn kì í jẹ́ kí ojú bíléèdì yọ síta púpọ̀. Ṣọ́ra fún R41 tí Mühle kan náà ń ṣe o! Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n R41 ní eyín bí òòyà, ó sì le fún ọrùn tó ń ṣàìsàn. Tí owó bá wà, Rockwell 6S dára gan-an, nítorí àwo mẹ́ta, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí bíléèdì ń jókòó lé, tí a lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ló bá a wá, tí wọ́n kọ 1 dé 6 sí lára, 1 ló sì rọ̀ jù, tí o sì lè jókòó sórí 1 tàbí 2 títí láé, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé èé ṣe. Èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó tí kò lórúkọ, yọ ọ́ wò dáadáa kí o tó sanwó: fi bíléèdì sí i, dì í, gbé e dúró sí ìmọ́lẹ̀, kí o wò ó bóyá bí ojú ọ̀tún ti yọ síta ni ti òsì ṣe yọ. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá yọ ju èkejì lọ, tí o tún un dì tí kò yí padà, dá a padà fún oníṣòwò.

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé kí ẹni tó ń kọ́ ọ wá bíléèdì tí kò mú púpọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bíléèdì tó kú máa ń wọ́ irun ni, ẹni tí wọ́n bá sì ń wọ́ irun rẹ̀ á tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀, ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde. Feather mú ju ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò lọ, ìyẹn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n Astra tàbí Nacet tuntun tí a fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lò sàn ju èyíkéyìí tó ti kú lọ.

Kí o tó fá a, mọ ibi tí irun rẹ ń dojú kọ. Nígbà tó bá ti hù díẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọrùn rẹ láti òkè wá sísàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àti láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́; apá ibi tó bá ti ń dán ni irun ń lọ. Má rò pé gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀. Lábẹ́ àgbọ̀n mi lápá ọ̀tún, etí ni tèmi ń dojú kọ, lápá òsì, òkè ló ń lọ, ibẹ̀ gan-an ni kókó sì máa ń pọ̀ sí jù tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kí o fá a, nígbà tí irun bá ti mu omi tó sì rọ̀. Po ọṣẹ ìfárùngbọ̀n títí yóò fi hó ṣìkìtì. Tí omi kànga ilé rẹ kò bá jẹ́ kí ọṣẹ hó, omi òjò á ṣe é. Di bíléèdì mú ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kékeré méjèèjì, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Gbé orí abẹ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí èèkù rẹ̀ kọjú síta tààrà, kò ní gé nǹkan kan. Wá máa rọra sọ èèkù náà kalẹ̀ bí o ti ń fà á, títí o fi máa gbọ́ tí irun ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti dún yẹn ni kí o gbé e dúró sí. Fi ìka méjì tàbí mẹ́ta di èèkù mú bí ẹni di yẹ̀ẹ̀rì etí mú, kí ìwúwo irin náà fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó kù, fà á ní kúkúrú-kúkúrú, kí o sì ṣan ojú abẹ náà lóòrèkóòrè. Má fa awọ ọrùn le, nítorí tí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, irun tí o gé á rì sábẹ́ awọ, ohun tí a sì ń sá fún nìyẹn.

Fá a lẹ́ẹ̀kan, ní ibi tí irun ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, tún ọṣẹ pa, kí o sì fá a ní ìbú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan tí o bá fẹ́. Má ṣe dojú abẹ kọ irun ní ọrùn, bó ti wù kí ìgbéyàwó tí o ń lọ tóbi tó. Tí o bá fọwọ́ kàn án tó ń ṣe ṣàkìṣàkì díẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Omi tútù, álọ́ọ̀mù (òkúta funfun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) tí a rẹ sómi tí a rọra fi ra ibi tí o fá, ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o ṣàn án kúrò, kí o wá fi ìpara tí kò lóòórùn díẹ̀ pa á. Sípíríìtì tí àwọn onígbàjámọ̀ máa ń dà síni lọ́rùn ń gbẹ awọ jù, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Pààrọ̀ bíléèdì ní kété tí o bá gbọ́ pé ó ti ń wọ́ irun, má ka iye ìgbà. Má yá ẹnikẹ́ni ní abẹ rẹ lò, kì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, torí àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV lè gba ojú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Bí o bá ń wọ bàálù, gbé abẹ náà sínú àpò ọwọ́ tí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n inú ẹrù ńlá ni kí bíléèdì wà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn aláàbò pápákọ̀ òfurufú á gbà á. Èyí tó ti kú, wá agolo mílíìkì, lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lórí, máa jù wọ́n sínú rẹ̀. Kí ó tó kún, ó máa pẹ́, àwọn tó ń kó pàǹtírí kò sì ní fọwọ́ gún un.