Báwo ni dry needling ṣe ń dín ìrora iṣan kù?

Ẹ ní èjìká bàbá yín tó ń fa àwọ̀n ní Ẹ̀pẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, pé ṣé dry needling, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, lè ṣiṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́. Iṣan tí a lò jù máa ń sún kì, á di kókó, ẹ fọwọ́ tẹ ibẹ̀, wọ́n á ké "yéè!" Inú kókó yẹn gan-an ni oníṣègùn físíò, ìyẹn èyí tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, á ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ̀. Iṣan á fò fìrí, á wá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ráyè ṣàn. Ibẹ̀ lè ro wọ́n fún ọjọ́ 1 tàbí 2. Kí ìtura náà lè pẹ́, ó yẹ kí wọ́n máa na apá bí físíò bá ṣe kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yìí: abẹ́rẹ́ ẹ̀bá èjìká lè gún ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ.